Ìyókù Mílíìkì Ọmọ Idẹ

Odò wà lẹ́yìn ilé bàbá wa nínú àlá náà. Ní Ìlẹ̀ṣà, níbi tí mo ti lo ọjọ́ ayé mi, ẹ̀yìn ilé bàbá wa kò ní ju kànga kan, igi ọsàn kan, ewúro díẹ̀ àti ògiri aládùúgbò lọ. Ṣùgbọ́n nínú àlá, ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sí àtẹ̀gùn òkúta gbígbòòrò kan tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú omi. Omi náà pọ́n bí tíì tí kò tíì rí mílíìkì. Ìkùukùu bo òdìkejì rẹ̀, òdòdó rúsúrúsú sì ń léfòó lórí rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, síbẹ̀ mò ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin púpọ̀ tí wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ta ni yóò máa gbá àtẹ̀gùn tó tóbi tó báyìí.

Nígbà náà ni mo rí àbúrò mi. Tinúadé jókòó lórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń tan sítóòfù. Ó wọ súẹ́tà aláwọ̀ eérú rẹ̀ tó ti já ní ìgbọ̀nwọ́, èyí tí mo ti sọ títí pé kó jẹ́ kí n bá a lẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Ẹ̀rù kò bà mí. Ohun tí mo sọ ni pé:

"Tinú, fa òwú sítóòfù yẹn wálẹ̀. O ń fi kẹrosíìnì ṣòfò."

"Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀," ló dá mi lóhùn, kò sì yíjú. "Ẹ jókòó. Ọmọ kò tíì jẹun."

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí ọmọ náà jẹ́.

Tinúadé nìkan ni àbúrò tí mo ní. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹnì kan ṣoṣo ni ilé wa lè rán lọ sí yunifásítì, òun la sì rán. Èmi jókòó sílé, mo gba ẹ̀kọ́ tèmi nínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun, ìyẹn ló sọ mí di olùkọ́. N kò ráhùn. Mo kàn ń retí pé kó di dókítà oníṣègùn tàbí lọ́yà. Tinúadé lọ kọ́ nípa ẹ̀sìn. Ìyẹn nìkan kọ́: ó gba Íńdíà lọ, ó gbọ́ èdè wọn, ó sì fi gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí orin ìfẹ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń kọ sí òrìṣà wọn. Orin àwọn opó ìlú Bìrìńdábánì ló wọ̀ ọ́ lára jù, àwọn obìnrin tí ẹbí ti pa tì, tí wọ́n ń jí ní ìdájí láti kọrin fún òrìṣà Kíríṣínà bí ìyá ṣe ń kọrin fún ọmọ ọwọ́. Ó kọ ìwé mẹ́ta lórí rẹ̀. Àwọn ará Íńdíà fúnra wọn ń pè é wá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní yunifásítì tó ti ń kọ́ni nílé níhìn-ín, wọn kò sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àgbà kan níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá tó ń kọ́ni ní ìtàn Róòmù, bi í pé kí ló kan ọmọ Ìjẹ̀ṣà nínú ẹkún àwọn opó Íńdíà. Tinúadé dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ rántí ìlú mi, sà. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, kí ló kàn yín nínú ogun àwọn ará Róòmù?" Ó dájú pé èsì yẹn kò ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn opó náà ló gbé ọmọ idẹ lé e lọ́wọ́ nígbà tí ikú dé sí i. Ère ni, kò ga ju ìka àárín mi lọ: ọmọ ọwọ́ tó ń rá, tó di ìṣù bọ́tà mú. Kíríṣínà ni, nígbà tó wà ní kékeré. Ẹni tó bá gbà á kò gba ère, ọmọ ló gbà. Yóò máa jí i láàárọ̀, yóò máa wẹ̀ ẹ́, yóò máa bọ́ ọ, yóò fi aṣọ bò ó nígbà ọyẹ́, yóò sì tẹ́ ẹ sùn. Wọn kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Nígbà tí Tinúadé fẹ̀yìn tì, ó gbé e bọ̀ wá sí ilé bàbá wa, sínú yàrá ẹ̀yìn, ó sì ń ṣe gbogbo rẹ̀ láràárọ̀ lábẹ́ òrùlé èmi ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Mílíìkì ló ń bí mi nínú jù. Àárọ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó gbé e wọlé lọ sí yàrá yẹn nínú ife idẹ kékeré.

"Ṣé òùngbẹ ń gbẹ idẹ ni?" mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Ẹ bi í, Àǹtí mi. Ó gbọ́ Yorùbá."

"Ìwọ ọmọ yìí, òfò ni."

"Ìyá bàbá wa ńkọ́, tó ń se ẹ̀wà fún ère ìbejì rẹ̀?"

"Ó ti ṣe ìrìbọmi kó tó kú."

"Ó ṣe é. Ó sì se ẹ̀wà lọ́jọ́ kejì."

N kò bi í rí bóyá ó gba ọmọ idẹ náà gbọ́, tàbí iṣẹ́ ìwádìí ló ń bá lọ. Èrò mi ni pé ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn kò gbọdọ̀ fi ìbéèrè ṣòfò.

Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. Ní ọsibítù, ohun tó tẹnu mọ́ ni pé, "Àǹtí mi, ta ni yóò máa jí i?" Mo ní kó sinmi. Ẹ̀gbọ́n kì í sin àbúrò, nítorí náà ilé ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé e lọ, n kò sì mọ bí ibojì rẹ̀ ṣe rí. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹni méjì ló wá bèèrè ọmọ idẹ lọ́wọ́ mi. Èkíní ni Ìyáàfin Lálìwánì, ará Íńdíà tí ọkọ rẹ̀ ń ta aṣọ n'Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ Tinúadé tipẹ́tipẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbé e lọ sílé mi. Ọyẹ́ ti dé. Òtútù á mú ọmọ yẹn o." Èkejì ni Ọ̀gbẹ́ni Adéògún, láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yunifásítì náà. Òun ní àwọn yóò gbé e sínú àpótí gíláàsì, àwọn yóò sì kọ orúkọ Tinúadé sí i gàdàgbà níbi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí i.

Orúkọ yẹn ni mo fẹ́. Ibi tí wọ́n ti fi ipò dù ú, ibẹ̀ gan-an ni wọn yóò ti máa kà á. Ilé ìdáná obìnrin kan n'Ìbàdàn kò lè fún un ní ìyẹn. Mo ní kí Adéògún wá gbé e ní Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́rú, mo fi ìwé ìròyìn we ọmọ idẹ, mo gbé e sínú páálí bàtà, mo sì lọ sùn.

Nínú àlá, kò sí nínú páálí. Ó wà lórí ìjókòó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó dé fìlà òwú tí Tinúadé hun fún un. Tinúadé gbé mílíìkì kúrò lórí iná. Ó kán díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí abiyamọ, ó dúró, ó tún kán an. Ó dà á sínú ife kékeré náà, ó gbé e síwájú ọmọ, ó sì fa aṣọ pélébé kan sí i lójú.

"Ẹ yíjú, Àǹtí mi. A kì í wo ẹnu ọmọ tó ń jẹun."

Mo fẹ́ sọ pé idẹ kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n mo yíjú. A jọ ń wo odò. Orin àwọn obìnrin náà ti súnmọ́ tòsí, n kò sì gbọ́ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọn. Mo wo ọwọ́ àbúrò mi lórí itan rẹ̀. Ìnkì wà ní ìka rẹ̀, bó ṣe máa ń wà.

"Ṣé ibi tí wọ́n tẹ́ ọ sí dára?" mo bi í. "Wọn kò jẹ́ kí n rí i."

"Ó gbẹ," ló ní. "Igi kaṣú kan wà níbẹ̀. Ẹ má da ara yín láàmú."

Nígbà tó ṣe, ó ká aṣọ náà kúrò. Mílíìkì ṣì kún ife. Mo ní nísinsìnyí ni yóò dà á sídìí ewúro ẹ̀yìn fèrèsé, nítorí ibẹ̀ ni mo ti gbà lọ́kàn láti ọdún wọ̀nyí pé ó ń dà á sí. Kò dìde. Ó na ọwọ́ mú kọ́ọ̀pù mi, èyí aláwọ̀ ewé tí mo fi ń mu tíì láràárọ̀. Tíì dúdú ti wà nínú rẹ̀. Ó da mílíìkì ọmọ idẹ sí i, gbogbo rẹ̀, ó fi ṣíbí rò ó, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Kí lo dà sí tíì mi yẹn?"

"Èyí tí mo máa ń dà sí i ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti kó dé." Ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. "A kì í da ìyókù rẹ̀ nù, Àǹtí mi. Èèwọ̀ ni. Ẹni tí a bá fẹ́ràn la ń gbé e fún."

"Tinúadé! Èmi tí mo jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ!"

"Ṣé ó ti pa yín ni? Ẹ ń mu ún, ẹ sì ń bú mi lórí rẹ̀. Ìgbà kan náà lẹ máa ń ṣe méjèèjì."

Mo fẹ́ bínú, ìbínú náà kò dé. Ó wá ṣe mí bíi pé ó yẹ kí èmi náà gbé nǹkan kan fún un. Mo ní, "Wọ́n ń bọ̀ lọ́la. Wọn yóò gbé e sínú gíláàsì. Orúkọ rẹ yóò wà lára rẹ̀, pẹ̀lú Ọ̀mọ̀wé níwájú."

"Inú gíláàsì," ló wí. Ó nu ṣíbí náà gbẹ, ó wò ó, ó tún un nù. "Ta ni yóò máa mu ìyókù?"

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń báni wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bèèrè bóyá a ti ti ilẹ̀kùn. Mo rí i pé bí n kò bá béèrè ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́, ààyè kò tún ní sí mọ́.

"Tinú, ṣé o gbà á gbọ́?"

Ó gbójú sókè wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú ọmọdé tí mo máa ń di irun fún kó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni.

"Àǹtí mi," ló ní, "tíì yín ń tutù."

Mo jí.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Ọyẹ́ ti mú kí ètè mi gbẹ. Kò sí odò, kò sí orin. N kì í ka àlá sí, ṣùgbọ́n mo dìde, mo lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo dúró níwájú agolo mílíìkì. Èmi ni mò ń ra mílíìkì ilé yìí, mo sì mọ bí a ṣe ń lò ó. Láti ìgbà tí Tinúadé ti dé, a kò lò ju ohun tí tíì àwa méjèèjì lè gbà lọ. Ilé tí wọ́n ti ń da ife kan nù láràárọ̀ kò lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń ka hóró iyọ̀, n kò ṣírò èyí rí, nítorí mo ti pinnu ohun tí mo fẹ́ bínú sí.

Nínú gbogbo ìwé tí àbúrò mi kọ, n kò ka ọ̀kan tán. Ó mọ̀, kò sì fi ọ̀ranyàn mú mi kà á. Ohun tó rí lọ́dọ̀ àwọn opó yẹn, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá, ó ń gbé e fún mi nínú kọ́ọ̀pù láràárọ̀. Mo mu ún, mo ní tíì náà kò gbóná tó.

Mo tú ìwé ìròyìn kúrò lára ọmọ idẹ. Ó tutù nini. N kò kúnlẹ̀, n kò kọrin. Olúwa mọ ẹni tí mò ń sìn. Mo kàn gbé mílíìkì kaná, mo kán an sí ọrùn ọwọ́ mi, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo sì yíjú. Lẹ́yìn náà mo dà á sínú tíì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. N kò lè mu ju ìdajì lọ. Mo gbójú sókè kí n lè gbé èyí tó kù fún ẹlòmíràn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Mo pe Adéògún pé kó má wá nítorí ère mọ́. Kó wá kó àwọn ìwé Tinúadé àti téèpù tó gba orin àwọn opó sí, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ìyẹn. "Màmá, wọ́n ti kọ ọ́ sára gíláàsì náà o. Ó rẹwà." Ó dùn mí wọ egungun. Mo ní kí wọ́n pa á rẹ́.

Mo wá pe Ìyáàfin Lálìwánì.

"Ẹ wá gbé ọmọ yín," mo ní.

Kò dúpẹ́, kò sì béèrè ohun tó yí mi lọ́kàn padà. "Ṣé ó ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Ó ti jẹun."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ta ló wà níbẹ̀ tó mu ìyókù?"

Mo di fóònù mú. Mo wo kọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé mi, ìdajì tíì ṣì wà nínú rẹ̀.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo ti ń mu ún láti ọjọ́ yìí wá."