Ìlà Tí Sophia Fi Pamọ́

"Sophia, ọmọ mi, bá mi kà á. Ojú mi kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́."

Bàbá Gàníyù, tó ti ṣe akọ̀wé lọ́yà ní Ìgbóṣeré fún ọdún mọ́kànlélógún, na ìwé sí Sophia Candido, ọmọbìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà. Sophia kà á fún un. Kò gbé ojú sókè.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n pe ẹjọ́ ṣọ́ọ̀bù Àlájà Hàwáwù ti Òkè Àrin, oníbàárà wọn, ní kóòtù, kò sẹ́ni tó dáhùn. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Ọjọ́ ẹjọ́ ẹlòmíràn ni bàbá kọ fún Àlájà. Ó ní orí kọ̀ǹpútà lòun ti rí i. Lọ́yà Adéníyì, ọ̀gá wọn, ní kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe, ojú bàbá ló ṣì í kà. Bàbá fúnra rẹ̀ sì gbà. "Ọjọ́ ogbó ti dé," ló wí. Ọ̀sán òní ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀.

Sophia ló kọ ojú ewé tí wọ́n fi ń wo ọjọ́ ẹjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀, àti iṣẹ́ kan, ìyẹn àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tó ń bá a kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kì í tètè dé láti kọ̀ǹpútà kóòtù, nítorí náà ó fa iṣẹ́ náà lé aago kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ pé bó bá yá, kó pè é. Aago pè é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago pè é, iṣẹ́ náà kò mọ ẹjọ́ tó ni ín mọ́. Bí èèyàn bá ṣí ẹjọ́ méjì tẹ̀léra, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ń kọ ọjọ́ sí, èyí tó dé kẹ́yìn a sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni Sophia fi dán an wò.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ló rí i. Ìlà kan ní èdè kọ̀ǹpútà ló fi tún un ṣe, var eni = this; kí iṣẹ́ náà lè mú ẹni tó ni ín dání títí aago yóò fi pè é. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rántí ọdún mẹ́rin ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, ìrìn ẹsẹ̀ láti Adéníji Adélé, àti bàtà tó ń fi páálí tẹ́ nínú.

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀ sápò, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sórí tábìlì. "Láti Jímọ̀, ìyàwó mi ló ń ka Kùránì fún mi."

Sophia dìde. Ó pa ìlà náà rẹ́ kí àṣìṣe náà lè tún hàn, ó pe lọ́yà, ó sì ṣí ẹjọ́ méjì lójú rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ló jáde.

"Èmi ni, sà. Kì í ṣe Bàbá."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta, sà."

"Òní ni Ọjọ́rú, Sophia."

Lọ́yà mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ó dá a padà fún bàbá, ó sì jáde láti lọ bẹ adájọ́ nítorí Àlájà.

Sophia dúró, ó ń retí èébú. Bàbá kò bú u. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ìka tọ ìlà: orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Sophia ti mọ̀ pé ẹni tó ń ríran lòun ń kàwé fún.