Ẹkún Tí Ẹ̀rọ Gbà Gbọ́

"Ẹ tún ẹkún yẹn sun, Ìyá Fàthíà. Ẹ̀rọ ní irọ́ ni."

Salimat wo Babájídé, ọ̀gá ibẹ̀, láti òkè délẹ̀. Opó ni Salimat, aṣọ ló ń tà ní ọjà Aswani. Ọjà tí kò yá ló gbé e dé yàrá kékeré yìí ní Ire-Akari, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà láti gbọ́ ohùn èèyàn, kó ronú sí i, kó sì sọ ohun tó ń ṣe olóhùn. Ẹ̀rọ náà mọ ẹ̀rín, ó mọ ìjà. Ẹkún nìkan ni wọn ò rí fi tàn án jẹ. Gbogbo ẹni tó bá sunkún sí máìkì, èsì kan náà ló ń kọ jáde: "Ó ń díbọ́n ni."

"Ọ̀gá, ìgbà tí bàbá Fàthíà kú ni mo ti sun tèmi tán."

Babájídé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mú fóònù, ó jáde. Ara fu Salimat. Kí ló fẹ́ lọ sọ níta tí kò lè sọ níwájú òun?

Kò pẹ́, fóònù tirẹ̀ náà dún. Ohùn tí kò mọ̀ rí ni: "Ìyá Fàthíà, ẹ máa bọ̀ o! Ọkọ̀ ti gbá ọmọ yín níwájú ilé ìwé, ní Ailegun!"

Igbe tí Salimat ké, ẹni tó ń ṣọ́ géètì gbọ́ ọ. Máìkì ṣì wà ní títàn. Ó ń sáré lọ láìwọ bàtà nígbà tí Babájídé dì í mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Kò sóhun tó ṣe Fàthíà, àwa la ní kí wọ́n pè yín. Ẹ wò ó!"

Ẹ̀rọ ti kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà: "Ìyá ni. Ọmọ rẹ̀ wà nínú ewu. Òótọ́ ni." Àwọn òṣìṣẹ́ ń pàtẹ́wọ́.

Salimat fúnra rẹ̀ ló sọ ilé ìwé Fàthíà àti ásímà tó ń ṣe é fún wọn, nígbà tí wọ́n ní kó máa sọ̀rọ̀ lásán kí wọ́n fi wo bí ohùn rẹ̀ ṣe ń wọlé. Wọ́n tilẹ̀ bu nǹkan kún owó iṣẹ́ rẹ̀ kó tó lọ. Ìwà ọ̀dájú, bí wọ́n fi ṣúgà sí i, ọ̀dájú náà ni.

Láti ọjọ́ náà, Salimat kò gba ìpè àjèjì gbọ́ mọ́. Ó ń wọn aṣọ fún oníbàárà ní Aswani lọ́jọ́ kan nígbà tí obìnrin kan pè é, tó ń mí gúlegúle.

"Ìyá Fàthíà, láti ilé ìwé ni. Ásímà ti tún mú Fàthíà, kò lè mí! Ẹ gbé oògùn tó ń fà sẹ́nu wá, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ẹ ti tún dé? Ẹ lọ wá ẹkún ẹlòmíràn!" Ó pa fóònù, ó ń bá aṣọ rẹ̀ lọ.

Tiwaladé, tíṣà ọmọ náà, ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọjà wá nírọ̀lẹ́. Híjáàbù Fàthíà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"A pè yín, mà," ó ní, omijé ń dà lójú rẹ̀. "A pè yín títí. Kí a tó dé ọsibítù, ọmọ ti lọ."

Salimat wo ọwọ́ tíṣà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó gba híjáàbù náà, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ó ń wá máìkì.