Ayékòótọ́ Tí Wọn Ò Fẹ́ Yà

Inú ti ń bí Herminda kí Leandro tó ka orúkọ ẹran karùn-ún. Ọkùnrin náà wá láti Buenos Aires láti ya fíìmù nípa àwọn ẹranko ìgbà Tíráyásíìkì, tó ti lé ní igba mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ó lẹ àwòrán wọn mọ́ ògiri yàrá tí Herminda ti ń fọ egungun wọn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó wá ń yàn wọ́n bí ẹni ń yan bàtà. Eléyín gígùn ni gbogbo wọn. Ayékòótọ́ kò sí níbẹ̀.

Ayékòótọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ẹran náà nítorí ẹnu rẹ̀ tó tẹ̀. Ewé ló ń jẹ, ó sanra bí ẹlẹ́dẹ̀, òun ló sì pọ̀ jù nínú àfonífojì wọn láyé ìgbà náà. Eleuterio, baba Herminda tó ń da ewúrẹ́, ló rí egungun èyí tó wà lórí tábìlì. Ọdún mọ́kànlá ni Herminda fi abẹ́rẹ́ yọ òkúta lára rẹ̀, síbẹ̀ wọn ò kọ orúkọ baba rẹ̀ síbì kankan. Leandro sì ti ṣèlérí pé ẹran tí àwọn bá mú, àwọn á dárúkọ ẹni tó rí i.

Herminda bi í pé kí ló dé tí wọn ò mú ayékòótọ́. Leandro ní kò rẹwà, ewé lásán ló ń jẹ. Dókítà Olmedo, ọ̀gá ibẹ̀, ń fa tíì mate rẹ̀ lẹ́nu bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn án. Ẹni tó tìtorí ayékòótọ́ gboyè!

“Ẹ má bínú, Doña Herminda,” ni Leandro wí. “A ó fi sí i. Àwọn eléyín yìí kúkú gbọ́dọ̀ rí nǹkan pa jẹ.”

“Ṣé ẹ máa dárúkọ bàbá mi?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ta ló ń dárúkọ ẹni tó rí oúnjẹ?”

Herminda dìde. Ó mú abẹ́rẹ́ àti òòlù kékeré, ó lọ síbi egungun itan ayékòótọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ.

“Herminda, kí lò ń ṣe yẹn?” ni Olmedo wí.

“Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mò ń tú, Dókítà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é.”

Lóòótọ́ ni. Ogún ọdún sẹ́yìn, Olmedo ní àwọn àlejò tó ń wá wòran ò fẹ́ràn egungun tó lu. Herminda fi símẹ́ńtì funfun dí ihò ibẹ̀, ó kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀, wọ́n sì yìn ín. Símẹ́ńtì náà já bọ́ báyìí, ihò mẹ́rin tó tò tẹ̀léra yọ, etí wọn ki, ó sì ń dán.

Leandro fọwọ́ kàn án. “Ojú eyín nìyí,” ó ní. “Ó ti jinná.”

“Wọ́n bù ú jẹ, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó tún jẹ ewé fún ọdún gbọọrọ. Ìyẹn ni kí ẹ yà,” ni Herminda wí.

Leandro já àwòrán eléyín kan kúrò lára ògiri, ó sì béèrè orúkọ baba Herminda. Herminda pè é fún un, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó yẹ kí inú Herminda dùn, àmọ́ ńṣe ló tẹjú mọ́ àwọn ihò náà. Lọ́jọ́ tí baba rẹ̀ gbé egungun itan náà wá síbẹ̀, ó fi ìka kan àwọn ihò yẹn, ó ní òun mọ ojú eyín tó bá jinná, òun ti rí i lára ewúrẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹkùn. Àwọn òṣìṣẹ́ fi í rẹ́rìn-ín pé kí ni darandaran mọ̀. Herminda náà bá wọn rẹ́rìn-ín.