Iwin Kẹ̀kẹ́ Ńlá

Ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ há sẹ́nu wáyà ẹlẹ́gùn-ún bó ṣe ń tẹ̀ kọjá lábẹ́ ọgbà, ó sì ya fàà. Aránṣọ dúró, ó gbé etí aṣọ náà sókè, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú yíya náà bí nọ́ọ̀sì tó ń wo egbò. Kò pọ̀. Bó bá délé, yóò tún un ṣe kí omi tó hó lórí iná. Ó jọ̀wọ́ aṣọ, ó gbójú sókè, ó sì rí ẹṣin onígi kan tó nà gbalaja sínú koríko, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè, tó ń rẹ́rìn-ín sójú ọ̀run.

"Ẹ bá mi kí wọn níbẹ̀ o!" Bàbá ọlọ́dẹ ló ké sí wọn láti ìta. Òun ló fi ihò ara ọgbà náà hàn wọ́n, nítorí àgádágodo ẹnu ọ̀nà ti dípẹtà débi pé kọ́kọ́rọ́ kankan ò lè ṣí i mọ́. "Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́. Wọn ò ní kí n máa ṣọ́ iwin."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ó wẹ̀yìn kí Jẹ́jẹ́ lè bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ṣì wà lẹ́yìn wáyà, ó ń wo ihò náà bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá orí ni kóun kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́ ni tàbí ẹsẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ò ní wọlé ni?"

"Mò ń bọ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Nígbà tí ọgbà ìṣeré yìí ṣì ń ṣiṣẹ́, òun ló ń darí Kẹ̀kẹ́ Ńlá, kẹ̀kẹ́ onírin gàgàrà tó ń gbé èèyàn lọ sókè títí wọ́n á fi máa rí òrùlé gbogbo àdúgbò. Bí àwọn ọmọdé bá ń ti ara wọn, á ní "jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́," títí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù fi gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Mẹkáníìkì ọgbà náà, tí wọ́n ń pè ní Gíríìsì, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Gíríìsì ni ọkọ Aránṣọ.

Kẹ̀kẹ́ Ńlá yìí náà ló pa á. Ó gòkè lọ fi òróró sí i, kẹ̀kẹ́ yí nígbà tó wà lórí rẹ̀, ó sì gbá a sọ sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti ọgbà pa, wọn ò sì ṣí i mọ́. Láti ìgbà náà ni ẹnu ayé ò ti dákẹ́. Wọ́n ní iwin ló yí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹnìkan máa ń kọrin lókè ibẹ̀. Wọ́n ní ajá tó bá mọ ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀yìn ọgbà yẹn kọjá. Ọmọ Aránṣọ, tó ń rákòrò nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ti wọ ilé-ìwé girama báyìí, ohun tóun náà mọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: iwin ló pa bàbá òun.

Aránṣọ mọ̀ pé kì í ṣe iwin. Òun àti Jẹ́jẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà láàárín wọn láti ìgbà ìsìnkú.

Òfin kan wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ gun ẹ̀rọ, tàbí tó fẹ́ ki orí bọ inú rẹ̀, á kọ́kọ́ so aṣọ tirẹ̀ mọ́ ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ náà. Kálukú ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí aṣọ bá ti wà lára ọ̀pá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ, ọ̀gá pátápátá ì báà máa fò sókè fò sílẹ̀. Ẹni tó so aṣọ nìkan ló ń tú u. Aránṣọ ló ń rán àwọn aṣọ náà fún gbogbo wọn, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní okùn méjì létí. Pupa ni ti ọkọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, Gíríìsì ní ti tẹ́lẹ̀ ti gbó, kó bá òun rán òmíràn kíá. Òwú pupa ti tán nílé. Òwú aláwọ̀ ewé kan ló kù nísàlẹ̀ agolo, ó ti pẹ́ níbẹ̀, òun ni Aránṣọ fi rán okùn méjèèjì mọ́ aṣọ. Ọkọ rẹ̀ gbé e sójú, ó wò ó. "Ìyàwó mi, ṣé ewé lo wá fi ń ránṣọ báyìí?" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó ki aṣọ náà bọ àpò, ó lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Jẹ́jẹ́ pè é sí ẹ̀yìnkùlé, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. "Ìyàwó wa, okùn aṣọ yẹn ló já. Atẹ́gùn ló gbé e lọ. Mi ò rí aṣọ kankan lára ọ̀pá ni mo fi tan ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ti sọ fún wọn pé kẹ̀kẹ́ ló dédé yí. Jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní iwin."

Bí iwin ṣe dé nìyẹn. Aránṣọ kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó di ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó bo òun láṣìírí. Láti ọjọ́ náà, òwú aláwọ̀ ewé ò kan ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́. Gbogbo ojú rírán ló ń gbà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn oníbàárà sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé aṣọ rẹ̀ kì í ya, ẹni tó wọ̀ ọ́ ló máa ń gbó. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ló mọ̀. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ránṣọ.

Jẹ́jẹ́ ò sì fi í sílẹ̀. Bí òrùlé bá jò, òun ni. Bí ara ọmọ bá gbóná, òun ló máa gbé e pọ̀n lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tó wá sọ lóṣù tó kọjá pé òun fẹ́ kí àwọn jọ máa gbé, Aránṣọ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, ta ló sì da omi síwájú òun tó ọkùnrin yìí? Ó ti fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tó gbọ́ pé wọ́n ti ta ilẹ̀ ọgbà, tí wọn yóò sì gé Kẹ̀kẹ́ Ńlá wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ló ní kó mú òun lọ dágbére fún ọkọ òun ná. "Ibẹ̀ ni màá ti dá yín lóhùn." Jẹ́jẹ́ ní ejò wà níbẹ̀. Ó ní irin á gún un lẹ́sẹ̀. Nígbà tí kò rí òmíràn sọ, ó ní iwin. Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ṣebí ẹ̀yin lẹ bí iwin yẹn?"

Ní báyìí, wọ́n ń lọ láàárín koríko. Wọ́n kọjá àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń gbára wọn nígbà kan, tí omi òjò ti kún inú wọn. Wọ́n kọjá ilé onídíńgí, níbi tí Aránṣọ ti rí ara rẹ̀ nínú àfọ́kù kan, tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Kẹ̀kẹ́ Ńlá yọ sí wọn lókè igi. Ìjókòó kan ń mì lẹ́bàá òkè rẹ̀, ó ń dún kíin, kíin. Orin iwin náà nìyẹn. Omijé bọ́ lójú Aránṣọ, kò sì nù ún.

"Ó tó," ni Jẹ́jẹ́ wí lẹ́yìn rẹ̀. "Dúró níbí, kó o dágbére fún un. Ó máa gbọ́."

"Mo fẹ́ rí ọ̀pá yẹn."

Yàrá pákó kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́, níbi tí Jẹ́jẹ́ máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pá wà. Ó ti ń rí i lójú oorun láti ọjọ́ yìí wá, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i lẹ́ẹ̀kan, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ níbi tí okùn òun ti já.

"Má wọ ibẹ̀!"

Jẹ́jẹ́ kì í pariwo. Aránṣọ yíjú sí i pẹ̀lú ìyanu. Ó rò pé ẹ̀rù iwin ló ń ba àgbàlagbà, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá náà kó lè ṣí. Àgádágodo ṣì wà lára rẹ̀, Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló tì í lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ pákó, gbogbo rẹ̀ ṣubú sínú yàrá.

Ọ̀pá náà kéré sí bó ṣe máa ń rí i lójú oorun. Ìpẹtà bò ó. Ó fọwọ́ kàn án, ó sọ ohun tó fẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ìgbà náà ló tó rí ara ògiri.

Ìṣó pọ̀ lára ògiri náà, aṣọ sì kọ́ sára wọn. Ó mọ̀ wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ló rán wọn. Bó ṣe jẹ́ àṣà wọn ni: bí òṣìṣẹ́ bá gbàgbé aṣọ rẹ̀, tàbí ó já bọ́, wọn kì í jù ú nù, torí jíju aṣọ ẹni nù, jíju orí ẹni nù ni lójú wọn. Wọ́n á ká a sí méjì, wọ́n á fi okùn rẹ̀ kọ́ ọ sára ìṣó títí ẹni tó ni ín á fi wá mú un. Bùlúù wà níbẹ̀, yẹ́lò wà níbẹ̀, eruku ti sọ wọ́n di ara kan náà. Pupa wà lára ìṣó tó sún mọ́ ọ̀pá jù.

Ti tẹ́lẹ̀ nìyí, ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, èyí tó gbó. Ó mú un kúrò lára ìṣó, kó lè mú un lọ fún ọmọ rẹ̀. Ó gbọn eruku rẹ̀, ó sì yí i padà.

Òwú aláwọ̀ ewé ló fi rán an.

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, nínú eruku. Okùn méjèèjì wà níbẹ̀, láti ìpìlẹ̀ dé etí. Wọ́n ká aṣọ náà sí méjì, ó gún régé. Atẹ́gùn kì í ká aṣọ.

Òjìji Jẹ́jẹ́ bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Kò wọlé.

"Ta ló tú u?" ni Aránṣọ bi í.

Jẹ́jẹ́ ń wo aṣọ pupa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ní ta ló tú aṣọ ọkọ mi?"

"Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ọ̀gá ń pariwo lé mi lórí. Mo rí fìlà rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́, mo rò pé ó ti sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé ó gbàgbé aṣọ ni. Ìyàwó wa, mo ké pè é. Mo ké pè é lẹ́ẹ̀kan."

Atẹ́gùn máa ń fẹ́ lókè, Gíríìsì kì í gbé fìlà gòkè; bí fìlà rẹ̀ bá wà nílẹ̀, òun wà lókè nìyẹn. Aránṣọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹ́jẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"O sì ká a. O sì fi kọ́ ìṣó."

"Ọwọ́ mi ló ṣe é fúnra rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ni, a kì í jù ú nù. Mo ti wá láti mú un. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Tí mo bá dé ẹnu ilẹ̀kùn yìí, mo máa ń gbọ́ tó ń kọrin lókè. Mi ò lè wọlé."

Irọ́ iwin tí Jẹ́jẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pa ló ti ń bá a ṣọ́ ìṣó yẹn fún Aránṣọ láti ọjọ́ yìí wá. Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá ti rẹ́rìn-ín. Ṣé ikú ọkọ rẹ̀ ló dùn ún jù ni? Èèyàn lè ṣàṣìṣe, iṣẹ́ a sì máa pani. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ló dùn ún. Ẹrẹ̀ tó kúnlẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ tó dì mú. Gbogbo òru tó fi ń bi òwú léèrè ìdí tó fi já, ọkùnrin yìí mọ̀ pé kò já, ó sì ń jẹun nínú abọ́ rẹ̀, ó ń sọ fún un pé kó má banú jẹ́ mọ́. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì náà ló kúkú wà.

"Ò bá ti sọ pé ìwọ ni," ló wí. Kò pè é ní bọ̀dá mọ́. "Kí n tiẹ̀ bínú sí ọ, kó tán. Kí ló dé tó jẹ́ èmi lo gbé e fún?"

"Ẹ̀rù ló bà mí pé o ò ní jẹ́ kí n máa wá sọ́dọ̀ yín mọ́. Ẹ̀yin nìkan ló kù fún mi lára rẹ̀."

Ó dá Aránṣọ lójú pé òótọ́ nìyẹn, òótọ́ náà ò sì ràn án lọ́wọ́ rárá. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ yẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa... èsì tó o ní o máa fún mi ńkọ́?"

Aránṣọ wò ó títí. "O ti gbà á," ló wí, ó sì kọjá.

Ó tẹ̀ jáde lábẹ́ wáyà. Bàbá ọlọ́dẹ gbójú sókè láti orí àpótí tó jókòó lé, ó rí i pé ó dá wá. "Ẹ padà dé! Ṣé ẹ rí iwin náà?"

"Mo rí i, bàbá. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi máa dé láti ilé-ìwé, Aránṣọ ti wà nídìí ẹ̀rọ, ìṣẹ́tí tó ya náà sì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Aṣọ pupa wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ọmọ náà sọ báàgì sílẹ̀, ó na ọrùn wo ohun tí ìyá rẹ̀ ń rán.

"Màmi, òwú aláwọ̀ ewé? Ṣebí ẹ ní kò lágbára?"

"Wọ́n purọ́ fún mi ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Jókòó. Mo fẹ́ sọ bí bàbá rẹ ṣe kú fún ọ."

Ó rán ìṣẹ́tí náà dé òpin, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó fi eyín fa òwú náà. Kò já. Ó tún un fà. Ó na ọwọ́, ó mú àlùmọ́gàjí.