Bátìrì Ẹnubodè

"Bátìrì yìí lè gbiná, Dókítà." Zenoviy ń ro ṣúgà pọ̀ nínú tíì rẹ̀, kò wo ojú obìnrin tó dúró níwájú tábìlì. "Mi ò sọ pé ó máa gbiná o. Mo ní ó lè gbiná. Ìwé àyẹ̀wò ńkọ́?"

"Mo mú un wá lọ́jọ́sí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ti bátìrì nìyẹn. Ti páálí tí wọ́n dì í sí ni mò ń bèèrè."

Yaryna tẹjú mọ́ ọn. Zenoviy ni olórí ilé ìkẹ́rùsí àwọn aṣọ́bodè tó wà lẹ́nu ààlà Ukraine àti Poland. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń tutù, kì í jágbe mọ́ ènìyàn. Yóò fi àga lọ àlejò, yóò bèèrè àlàáfíà ilé, yóò sì dá a padà lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn ògiri tó fẹ̀yìn tì ni bátìrì sólà tí àwọn ọmọ abúlé Krutohora dá owó rà wà. Àwọn ọmọ tó ń ká èso lóko olóko, tí wọ́n ń nu ìdí arúgbó onílé ní ilẹ̀ Poland, ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kékeré abúlé wọn, níbi tí Yaryna ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí àdó olóró ti ń bọ́ lu àwọn ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni iná ti di ọ̀wọ́n lórí òkè níbẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì sólà ti wà lórí òrùlé. Ohun tí yóò máa gba agbára oòrùn náà dúró ni kò sí.

"Ọ̀gá, mo ní aláìsàn kan tí kò lè mí láìsí ẹ̀rọ."

"Ọlọ́run á wò ó sàn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣẹ́ ẹ rí i, ọ̀nà gígùn wà, àbùjá náà wà. Àwọn tó ń ta nǹkan wọ̀nyí mọ àbùjá. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọlúàbí tó ń rìn jìnnà."

Ó sọ iye tí àbùjá náà jẹ́, bí ẹni ń dárúkọ owó ọkọ̀.

Nígbà tí Yaryna wà ní yunifásítì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra máàkì lọ́wọ́ olùkọ́, ló ti búra pé owó òun kò ní gba abẹ́ tábìlì kọjá láé. Ìbúra náà ti ná an ní iṣẹ́ ńlá nílùú ńlá. Kò kábàámọ̀ rẹ̀ rí.

"Ẹ̀bùn ni wọ́n fún wa. Mi ò ní fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀gúnjẹ kí n tó gba ẹ̀bùn."

"Kò burú. Ṣé ẹ ó mu tíì?"

Aláìsàn tí Yaryna ń sọ náà ni Panas, awakùsà àtijọ́ tí ogun lé òun àti Odarka ìyàwó rẹ̀ kúrò níhà ìlà-oòrùn. Eruku èédú ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ mú síbẹ̀.

"Wọn ò tíì yọ̀ǹda bátìrì náà?" ó bi Yaryna nígbà tó dé, ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. "Ẹ sọ fún wọn pé gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi wa èédú kí wọ́n lè rí iná tàn. Kí wọ́n yá mi díẹ̀ níbẹ̀."

"Pa ẹnu ẹ dé, kó o máa mí," Odarka fèsì, ó sì ń fún un ní ọbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, yìnyín dí ojú ọ̀nà pa, ọkọ̀ tó ń gbé sílíńdà atẹ́gùn wá kò lè gòkè. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, nítorí òtútù ti mú kí epo dísù dì nínú páìpù rẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ náà, oòrùn ràn yòò sórí pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti gbá yìnyín kúrò lórí rẹ̀, ó ràn lásán, ó sì wọ̀ sẹ́yìn òkè. Nígbà tí iná ìlú lọ, sílíńdà kan ló ṣẹ́ kù, ìyẹn náà kò pẹ́ tó fi tán. Yaryna gbé Panas jókòó, ó fún un lóògùn, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Odarka ń fi páálí fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọkùnrin náà ń jà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbòòrò, ètè rẹ̀ ń di aró. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Odarka wá sí ọ́fíìsì. Kò jókòó.

"Dókítà, kí ló dá bátìrì yẹn dúró gan-an?"

Yaryna sọ fún un, kò fi ohunkóhun pa mọ́.

"Èló ló ní kẹ́ ẹ mú wá?"

Ó sọ ọ́. Odarka wo òrùka ìgbéyàwó ọwọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò yí i.

"Èyí tó o. Ì bá tiẹ̀ ṣẹ́ kù."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mi ò bá yín jà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á. Àmọ́ ẹ ò bi mí. Ọwọ́ yín mọ́, Dókítà. Èmi lọkọ mi kú."

Ọjọ́ kejì ni Yaryna tọ Zenoviy lọ, ó fi àpò ìwé kan tí owó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì. Ìwé tó ń sọnù láti ọjọ́ yìí di rírí. Ọkùnrin náà tún bá a di ilẹ̀kùn mú nígbà tó ń jáde.

Ọkọ̀ akẹ́rù kò lè gun òkè, ẹṣin ni wọ́n fi wọ́ ẹrù náà dé abúlé lórí yìnyín. Tymish, oníṣẹ́ iná tó wá so ó, gba ìlọ́po méjì owó tó máa ń gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Ẹ wá ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún un o! Ajẹbọ́tà ni bátìrì yìí, tí òtútù bá mú un, kì í jẹun."

Wọ́n kó aṣọ ibùsùn kúrò nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ ààrò, wọ́n gbé bátìrì síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, iná tàn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Kò tíì tó oṣù kan tí Zenoviy fi pè é lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ kò tutù bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Dókítà, ẹ dákun. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ níná lágbègbè yẹn. Ìyá mi ni. Wọn ò lè mí."



"Ẹ gbé wọn wá," ni Yaryna wí.

Arúgbó náà jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá. Nígbà tí Yaryna gbé e jókòó sí etí ibùsùn, tó fi rọ́bà sí i nímú, tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ẹ̀rín bọ́ sí i lójú. Odarka, tó ti di ẹni tó ń fọ ilẹ̀ nílé ìwòsàn náà nítorí pé kò ní ibòmíràn tí yóò lọ, kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn pẹ̀lú korobá.

"Ọmọ mi ló bá yín gba bátìrì yẹn sílẹ̀, àbí ẹ ò mọ̀?" ni arúgbó náà wí. "Ó sọ fún mi. Ó ní ọjọ́ tí dókítà bẹ òun dáadáa, ọjọ́ yẹn gan-an lòún gbé e fún un. Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn, kì í fẹ́ kí ìyà jẹ ènìyàn."

Yaryna ń tún ìrọ̀rí tó ti wà létòlétò tò.

Odarka fún àkísà rẹ̀ gbẹ, ó wo obìnrin náà bó ṣe ń mí geerege.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè díẹ̀, Ìyá," ló wí, "kí n lè nu abẹ́ ibẹ̀."