Ta Ló Sọ Pé Àṣá Ni?

Orí Kendrell Gaines kì í wọ inú fìlà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó gbé ìyá rẹ̀, Lavonne, wá sílé mi nìyẹn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ Ìdúpẹ́ ti oṣù Kọkànlá. Ó wọ yàrá tí mo ti ń ránṣọ, ó ti ilẹ̀kùn kó tó jókòó.

"Sìstá Ardelia, fìlà kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ẹ bá mi fi àwòrán Àṣá síwájú ẹ̀."

Ní ìlú wa, Àgbò ni gbogbo ilé ń ṣe. Yunifásítì tó ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Àgbò kò ju ogún máìlì lọ sí wa. Orí àgbò pupa yẹn wà lára ọkọ̀, ó wà lára àpótí lẹ́tà, kódà ó wà lára òkúta ibojì bàbá ọkọ mi. Àṣá ni ọ̀tá. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pàdé, mo mọ tọkọtaya tí kì í jókòó sí yàrá kan náà.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Kendrell, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí pápá ni kó dúró bí ògiri níwájú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dání, kí ẹnikẹ́ni má baà ráyè gbé onítọ̀hún ṣánlẹ̀. Yunifásítì mẹ́ta ló ń du ú: Àgbò, Àṣá, àti Akèekèé tó wà lọ́nà jíjìn. Ní Wẹ́sidé tó ń bọ̀, yóò jókòó sídìí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé rẹ̀ pẹ̀lú fìlà mẹ́ta níwájú. Èyí tó bá gbé sórí, ibẹ̀ ló ń lọ. Méjì nínú fìlà náà á jẹ́ ti ọjà, tí kò lè bá a lórí mu. Nítorí náà, ẹni tó bá ti mọ èyí tí mo rán ti mọ ibi tí ọmọ náà ń lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnì kankan," Lavonne ní. "Láti ìgbà tí Kendrell ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá ni kóòṣì àwọn Àgbò ti ń wá sílé wa. Nígbà tí màmá mi kú, ó wá síbi ìsìnkú. Ọmọ yìí fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lójúkojú. Kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Ó wo ilẹ̀kùn. "Brọ̀dá Hosea ńkọ́?"

Hosea ni ọkọ mi. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń ṣe Àgbò. Lọ́dún tí a fẹ́ra wa, Àṣá na Àgbò, kò sì jẹun fún odindi ọjọ́ méjì. Àwọn ẹbí mi rò pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún Lavonne pé Hosea pàápàá kò ní gbọ́.

Ọjọ́ Tọ́sidé ni mo rán fìlà náà, nígbà tí Hosea wà níbi tó ti ń tún bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ṣe. Òwú aláwọ̀ ewé ni mo lò, ìyẹ́ Àṣá nà gbọọrọ, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ agbọ̀n aṣọ tí a kò tíì lọ̀.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, Purvis Tate gbé ṣòkòtò wá pé kí n bá òun gé e kúrú. Purvis ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pínpín lẹ́tà. Ohun tó kù tó ń ṣe ni kó máa kọ oríṣiríṣi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn olólùfẹ́ Àgbò ti ń pàdé.

"Sìstá, wọ́n ní ìyá Kendrell yà níbí."

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yà níbí."

"Fìlà Àgbò lẹ bá a rán?"

"N ò rán fìlà Àgbò kankan."

"Ti Akèekèé ńkọ́?"

"N ò tiẹ̀ mọ bí ti Akèekèé ṣe rí. Purvis, dúró jẹ́ẹ́, kí n lè wọn ẹsẹ̀ ẹ."

"Àṣá wá ni?"

"Ọ̀rọ̀ oníbàárà mi kì í ṣe ohun tí mò ń sọ káàkiri."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á padà wá mú ṣòkòtò lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Inú mi dùn sí ara mi pé ó tú mi títí kò rí nǹkan kan gbọ́.

Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, Purvis ti kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìlú sì ti gbọ́ ọ. Lavonne pè mí, ohùn rẹ̀ tutù ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

"Kóòṣì àwọn Àgbò ti pe Kendrell. Ó ní òun kà á lórí fóònù nígbà tí òun ń jẹun. Ó kí i kú oríire, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ mi ti tilẹ̀kùn mọ́rí. Èèyàn mẹ́ta ló mọ̀, Sìstá. Èmi, ọmọ mi, àti ẹ̀yin."

Mo ń búra, ó ti pa fóònù.

Mo yíjú sí Hosea. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹ ẹyin, kò gbójú sókè. Ìyẹn ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ẹni tó ti ń ṣe Àgbò láti ogójì ọdún gbọ́ pé ọmọ tó dára jù ní àgbègbè wa ń lọ bá Àṣá, kò pariwo, kò gbá tábìlì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yà lẹ́nu, ó ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni.

"O ti gbọ́ ti Kendrell?" mo bi í.

"Mo gbọ́."

"O ò wí nǹkan kan."

"Kí ni kí n wí?" Ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ wẹ̀.

Bí mo ṣe ń gbọ́ omi, mo mú fóònù rẹ̀. Mo ka gbogbo ohun tó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ lọ́sẹ̀ náà. N ò rí nǹkan kan, àìrí yẹn náà tún wá kọ mí lóminú: ó ti pa á rẹ́ nìyẹn. Mo yẹ súẹ́tà rẹ̀ wò níbi tó fi kọ́. Òwú aláwọ̀ ewé kan lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tó ní òun ń lọ gẹrun, mo fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì wa ọkọ̀ mi tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ rẹ̀ wà níwájú ilé agẹrun, Hosea wà nínú rẹ̀. Kò wọlé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rojọ́ nínú ilé, mo ń rí wọn láti ojú fèrèsé, òun jókòó síta fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó sì wakọ̀ padà sílé láìgẹrun. Mo ní nínú ara mi pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dá a lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè, n ò jẹ́ kó tíì bọ́ kóòtù kí n tó na òwú náà sí i.

"Kí nìyí?"

Ó wò ó pẹ́. "Ẹ̀wù mi ni mò ń wá lálẹ́ ọjọ́ Tọ́sidé. Mo wo inú agbọ̀n. Mo rí i."

"O rí i, o sì lọ sọ ọ́ fún Purvis."

Kò dáhùn. Mo ní, "Hosea, o ti sọ mí di òpùrọ́ lójú ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí bọ́ọ̀lù."

Ó bá mi wo òwú náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wọ yàrá, ó kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó lọ sílé Amos, àbúrò rẹ̀. Àìdáhùn rẹ̀ ni mo gbà pé ó jẹ́ ẹ̀bi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Purvis dé wá mú ṣòkòtò. Mo di ṣòkòtò náà mú.

"Kí ni Hosea sọ fún ẹ gan-an?"

"Hosea?" Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dà rú. "N ò rí Hosea láti ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi."

"Èmi? Purvis, má purọ́ mọ́ mi."

"Sìstá, mo bi yín ní ti Àgbò, ẹ ní ẹ ò rán an. Mo bi yín ní ti Akèekèé, ẹ ní ẹ ò mọ bó ṣe rí. Mo wá dé orí Àṣá, ẹ ò sọ pé rárá mọ́, ọ̀rọ̀ oníbàárà ló kù lẹ́nu yín." Ó gba ṣòkòtò rẹ̀ lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́. "Kí ni mo tún fẹ́ gbọ́?"

Ó lọ, mo ṣì jókòó síwájú ẹ̀rọ, n ò rán nǹkan kan.

Ilé Lavonne ni mo kọ́kọ́ lọ, mo mú fìlà dání. Mo rò ó fún un bó ṣe rí, n ò fi nǹkan kan bò. Ó gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí n wọlé. Kendrell yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé fìlà náà sórí.

"Ó wọ̀ mí, Mà," ó ní. "Ẹ ṣé."

"Wọlé," ìyá rẹ̀ sọ fún un.

Hosea wà lẹ́yìnkùlé Amos, ó ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo pa ẹja àrọ̀ lára kó tó dín in. Mo dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sọ ohun tí Purvis sọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

"Kí ló dé tí o ò wọ ilé agẹrun?" mo bi í.

"O tẹ̀ lé mi débẹ̀ náà?" Ó mi orí. "Bí mo bá wọlé, wọ́n á bi mí. Ardelia, o mọ̀ pé n ò mọ irọ́ pa, ojú mi á sọ fún wọn. Ó dùn mí bí iná tí ọmọ yẹn ń lọ bá Àṣá. Ṣùgbọ́n bí o ṣe fi í pamọ́, mo mọ̀ pé o ti ṣèlérí. Mo ní kí n bá ẹ pa á mọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"O ò bi mí. Fóònù mi lo bi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo gbé e sí, orí àga ni mo ti bá a."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ó fún mi lẹ́ja méjì pé kí n gbé lọ sílé, òun kò sì tẹ̀ lé mi.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Kendrell gbé Àṣá sórí, àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn tó wọ pupa dìde, wọ́n ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Hosea wà ní apá kejì gbọ̀ngàn pẹ̀lú Amos. Kò jáde. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé báàgì rẹ̀ wálé, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi náà kò sì fi dandan lé e. Lavonne kò gbé iṣẹ́ wá fún mi mọ́. Ìlú kejì ló ti ń rán tirẹ̀ báyìí.

Nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún tó tẹ̀ lé e dé, Àgbò àti Àṣá pàdé. Hosea wọ ẹ̀wù pupa rẹ̀, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Bí eré ṣe ń lọ, ọmọ Àgbò kan sáré wá bí ọkọ̀ ẹrù, Kendrell gbé e ṣánlẹ̀ gbìì. Hosea ti dìde kó tó mọ̀.

"Ó káre, ọmọ," ó ní.

Ó yára jókòó padà. Ó wá rọra yíjú sí mi, ó ń wo ẹnu mi.

"Kò sóhun tí mo gbọ́," mo ní.

Ó ṣì ń wò mí.