Àmì Bàbá Lára Irin

Onísípánà ki ọwọ́ bọ inú àpótí irin tí ẹ̀rọ ìkórè ń da àgbàdo sí, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó tẹ́ ẹ sójú oòrùn. Ìdajì rẹ̀ ló ti fọ́, bíi ti àná. Àgbàdo irúgbìn sì ni. Èyí tó bá ti fọ́ kò lè hù mọ́, adìyẹ ló ni ín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dúró sétí oko, fóònù lọ́wọ́, ó ń wo òjò tó ń ṣú bọ̀.

“Onísípánà, ó ti tó. Jẹ́ n pe ẹlẹ́rọ tuntun. Tó bá ti wọ oko wa, ẹni tó ń ra irin àlòkù á wá kó ti Bàbá lọ.”

“Ẹ fún mi ní wákàtí kan, Bọ̀ọ̀dá mi.”

“Òjò ni kó o bẹ̀, kì í ṣe èmi.”

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni bàbá wọn kú fi sílẹ̀, gbogbo wọn ló sì dàgbà ju Onísípánà lọ. Ọdún méjì ló fi tú méjì palẹ̀ kó tó fi jí ẹyọ kan. Nígbà tí Bàbá wà láyé, bí wọ́n bá fi àwọn òkú irin rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, ibo ló ti fẹ́ rí àkísà bí àgbà?

Ara Onísípánà ò balẹ̀. Ó gun ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún. Ó fa bẹ́líìtì wò. Ó le dáadáa. Àwọn ọ̀pá irin tó ń yin àgbàdo, tuntun ni wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló dè wọ́n. Ọwọ́ irin tó ń sún asẹ́ abẹ́ wọn sókè-sódò wà lójú àmì tí Bàbá fi ṣísẹ́lì gé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga awakọ̀. Nílé wọn, ta ní í bi àmì yẹn léèrè ọ̀rọ̀?

Ó rìn lọ sẹ́yìn àká, kò mọ ohun tó ń wá. Àwọn ọ̀pá àtijọ́ tó tú kúrò fara ti ògiri níbẹ̀. Ó fọwọ́ ra ọ̀kan. Ó ti jẹ, ó ti fẹ́lẹ́ bí ọ̀bẹ tí wọ́n ti ń pọ́n láti ogún ọdún.

Ó dúró sójú kan, ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀.

Ó gbé e sáré padà, ó fi wé ti tuntun. Tuntun fi ìdajì ìka nípọn jù ú lọ. Bí ọ̀pá ṣe ń jẹ ni Bàbá ń sún asẹ́ mọ́ ọn, títí ó fi dé ojú àmì. Ààyè tó kù fún àgbàdo báyìí ò ju ti ẹ̀pà lọ.

Ó di ọwọ́ irin náà mú, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

“O ti kọjá àmì Bàbá o,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

“Ọ̀pá tó ti jẹ ni Bàbá gé e fún. Ọ̀pá yẹn ló wà lọ́wọ́ mi yìí.”

Ẹ́ńjìnnì bú. Ó gé poro kan lọ, ó gé e bọ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyẹn fi àtàńpàkò tú u wò títí. Hóró méjì péré ló fọ́. Ó ti fóònù bọ àpò.

“Máa lọ. Òjò ò ní dúró dè ọ́.”

Onísípánà mú ṣísẹ́lì, ó gbé e lé ibi tí ọwọ́ irin náà dúró sí báyìí, ó gbé òòlù sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Àwọn ọ̀pá tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ láti àná.

Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, ó fà á tín-ín-rín sára irin, ó sì wa ẹ̀rọ wọ inú àgbàdo.